Ewé Ló Ni Oúnjẹ: Alfalfa fún Àwọn Tó Ń Sin Ẹran ní Agbègbè Morrow

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni mo gbé wá lónìí, pàápàá jù lọ koríko kan tí wọ́n ń pè ní alfalfa. Wọ́n máa ń gé e ní tútù, wọn a sá a gbẹ, wọn a dì í ní ìdì gbọọrọ gbọọrọ, òun náà lẹ sì máa ń rí tí wọ́n tò jọ nílé ìtajà oúnjẹ ẹran.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan ará Morrow kan ẹran sísìn. Ìlú ilé ìtajà Southlake ni ìlú wa, láti ọdún 1976. Yunifásítì Clayton State wà níbẹ̀, ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìpínlẹ̀ Georgia àti ti ìjọba àpapọ̀ sì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ọdún Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ìkómọ bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, àwọn èèyàn wa a máa wakọ̀ lọ sí ìhà gúúsù, sí agbègbè Henry, sí Spalding, sí Butts, kí wọ́n lè ra àgbò tàbí ewúrẹ́ láàyè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Orí rírà ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí orí sísìn. Wọ́n ra éékà méjì mẹ́ta, wọ́n fi wáyà yí i ká, wọ́n kó ewúrẹ́ sí i. Ìbéèrè tí irú wọn máa ń bi mí jù lọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé alfalfa yìí ló yẹ ká máa fún wọn? Wọ́n ní òun ló dára jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga."

Ìdáhùn mi kò gùn. Alfalfa wà fún ẹran tí ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́: èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ ẹran tó ń dàgbà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn tó sì rù kan eegun. Ẹran tó kàn wà nínú ọgbà, tí kò lóyún, tí kò sí ọmọ lẹ́nu ọmú rẹ̀, kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú alfalfa fúnra rẹ̀ sì nìyí, inú ewé ni èyí tó pọ̀ jù nínú oore rẹ̀ wà, igi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, kò ní náwó dànù.

Ìdílé ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni alfalfa ti wá. Bí ẹ bá fa ẹ̀pà tu lóko, ẹ ó rí àwọn kókó róbótó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Alfalfa náà ní irú kókó bẹ́ẹ̀. Àwọn bakitéríà kan ló ń gbé inú wọn, iṣẹ́ wọn sì ni pé kí wọ́n mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ewéko lè lò. Náítírójìn yìí ni ewéko fi ń ṣe purotéènì. Ìdí nìyẹn tí alfalfa fi ń kún fún purotéènì láìjẹ́ pé àgbẹ̀ da ajílẹ̀ náítírójìn kankan sí i. Gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa wọlẹ̀ lọ jìnnà, mítà mẹ́ta, mítà mẹ́rin, á tún jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, á máa fa omi láti ibi tí koríko mìíràn kò lè dé. Bí wọ́n bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lórí ilẹ̀, tí wọn yóò máa gé e, tí yóò sì máa rú padà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Nínú alfalfa gbígbẹ tó dára, purotéènì máa ń jẹ́ bí ìdá 16 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Koríko bermuda, tó wọ́pọ̀ jù ní Georgia wa níbí, máa ń ní bí ìdá 8 sí 12. Kálísíọ̀mù inú alfalfa tó ìlọ́po mẹ́ta ti bermuda, bí wọ́n bá sì sá a dáadáa tí ó ṣì tutù lójú, ohun tí ara ẹran fi ń ṣe fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dáa, kí ni ẹran nílò? Ewúrẹ́ tó wà lásán, bí oúnjẹ rẹ̀ bá ti ní purotéènì ìdá 8 sí 10, ó ti tó o. Èyí tó ń fún ìbejì lọ́mú lè nílò ìdá 14 sí 16. Nítorí náà, bermuda tó dára ti tó ti àkọ́kọ́, kò sì lè tó ti èkejì. Bí ẹ bá wá ń fún ewúrẹ́ tó wà lásán ní alfalfa láti àárọ̀ dé alẹ́, purotéènì tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò sọ ọ́ di yúríà, ewúrẹ́ náà yóò sì tọ̀ ọ́ dànù. Owó yín ló ń ṣàn sílẹ̀ yẹn.

Ewúrẹ́ tó wọn kílò 50 á jẹ bí kílò kan ààbọ̀ sí méjì oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́. Fún èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú, bí ẹ bá fún un ní ìdajì kílò sí kílò kan alfalfa, tí bermuda sì wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ ti ṣe dáadáa. Ẹ má yọ koríko lásán kúrò pátápátá. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ nílò ohun líle tí yóò máa rún lẹ́nu, torí ìgbà tó bá ń rún un ni itọ́ ń jáde lọ́pọ̀, itọ́ yẹn ló sì ń pa kíkan inú àpòlúkù rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú àpòlúkù ló ń bá ẹran jẹ koríko, ìyípadà òjijì sì máa ń dà wọ́n láàmú. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán láti fi mú ẹran mọ oúnjẹ tuntun, díẹ̀díẹ̀.

Koríko yìí rìn jìnnà kó tó dé Georgia. Ìhà Páṣíà àti àárín gbùngbùn Éṣíà ló ti ṣẹ̀, wọ́n sì fi bọ́ ẹṣin ogun níbẹ̀. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, sọ pé ìgbà tí Páṣíà gbógun wọ ilẹ̀ Gíríìsì ni alfalfa bá wọn dé ibẹ̀. Àwọn Lárúbáwá gbé e dé Sípéènì, àwọn ará Sípéènì gbé e kọjá òkun dé Peru àti Chile, láti Chile ló sì ti dé California nígbà tí àwọn èèyàn ń rọ́ lọ wá góòlù níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1850. Ní 1857, àgbẹ̀ ará Jámánì kan, Wendelin Grimm, gbé irúgbìn díẹ̀ wá sí Minnesota. Òtútù ń pa á, ọdún dé, ọdún lọ. Ohun tí Grimm ṣe ni pé ó ń kó èso èyí tó bá yè, ó ń tún un gbìn, títí ó fi ní irú tí òtútù kò rí gbé ṣe mọ́. Ọgbọ́n ọkùnrin yìí kò kéré, irú rẹ̀ náà ni wọ́n sì dá ní Georgia níbí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó ń bá alfalfa jà ní Georgia yàtọ̀ sí òtútù. Gbogbo yín lẹ mọ ilẹ̀ pupa tó yí Morrow ká, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ yẹn kan. Bí wọ́n bá fi pH wọ̀n ọ́, ó máa ń súnmọ́ 5, alfalfa sì ń fẹ́ ilẹ̀ tó wà láàárín 6.5 sí 7. Nínú ilẹ̀ tó kan, aluminiọ́mù inú erùpẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi, á sì ṣe gbòǹgbò alfalfa léṣe, kò ní lè wọlẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ gbìn ín gbọ́dọ̀ da ẹfun lílọ̀ sí ilẹ̀ náà ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kó sì fi boron díẹ̀ kún un, torí ilẹ̀ wa kì í sábà ní in tó. Òjò náà wà níbẹ̀. Koríko tí a gé nílò oòrùn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó gbẹ, àwa tí a ń gbé ibí sì mọ bí òjò ọ̀sán ṣe máa ń ṣú ní oṣù Keje.

Lẹ́yìn náà ni kòkòrò kan dé, kòkòrò tí ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ ewé alfalfa títí yóò fi ku igi lásán. Utah ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, ní 1904. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó ti dé ìhà ìlà-oòrùn, ó sì tàn káàkiri gúúsù. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Georgia pa alfalfa tì nígbà náà. Wọ́n gbá koríko bermuda mú, pàápàá irú tí Glenn Burton mú jáde ní Tifton ní 1943 tí wọ́n pè ní Coastal. Ó ń hù lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, ó ń gba ooru, ó ń gba ọ̀dá. Burton ṣe gúúsù Amẹ́ríkà lóore ńlá. Ṣùgbọ́n purotéènì bermuda kò lè tó ti alfalfa láéláé.

Joe Bouton, onímọ̀ irúgbìn ní Yunifásítì Georgia ní Athens, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde padà. Àléébù kan tí alfalfa ní ni pé bí ẹran bá ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró láìsinmi, kíkú ló máa ń kú. Bouton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kó màlúù sórí rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ, wọ́n sì mú irúgbìn lára àwọn tó yè. Bí Alfagraze ṣe jáde nìyẹn ní nǹkan bí 1990, irú alfalfa tó lè fara da ẹnu ẹran. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú Bulldog 505 àti Bulldog 805 jáde. Lónìí, àwọn onímọ̀ ní Tifton ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti gbin alfalfa sáàárín bermuda tó ti wà lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí koríko méjèèjì jọ wà pọ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, torí alfalfa á máa fún bermuda ní náítírójìn, ìdì kan ṣoṣo tí wọ́n bá gé níbẹ̀ á sì ní oore méjèèjì nínú.

Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú alfalfa tí ẹ ń rí nílé ìtajà ní agbègbè wa, tírélà ló gbé e wá láti òkè lọ́hùn-ún àti láti ìwọ̀-oòrùn, ibi tí òjò kò pọ̀ tí wọ́n sì ń fi omi odò rin oko. Owó epo tírélà náà wà lára owó tí ẹ ń san. Omi yẹn pàápàá ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní Arizona, ilé iṣẹ́ wàrà Almarai ti Saudi Arabia ra ilẹ̀ ní 2014 láti máa gbin alfalfa, kí wọ́n máa kó o kọjá òkun lọ fún màlúù wọn, torí omi ilẹ̀ tiwọn ń tán. Ní 2023, gómìnà Katie Hobbs kéde pé ìpínlẹ̀ náà kò ní jẹ́ kí wọ́n máa lo ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n háyà ní Butler Valley mọ́. Ẹ ò rí i pé koríko yìí ti di ohun tí orílẹ̀-èdè fi ń bá ara wọn ná ọjà.

Ohun kan wà tó máa ń wú mi lórí nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Kí alfalfa tó gbajúmọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ̀wà ni wọ́n ń sá fún ẹran. Ẹ̀wà tiwa, èyí tí a fi ń ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, tó ti Áfíríkà wá pẹ̀lú òwò ẹrú. Àgbẹ̀ Georgia a máa gé igi rẹ̀ tewé-tewé, á sá a, á kó o fún ìbaaka àti màlúù rẹ̀ nígbà òtútù. George Washington Carver ní Tuskegee, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí ní Alabama, ń wàásù rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún pé ó ń bọ́ èèyàn, ó ń bọ́ ẹran, ó sì ń tún ilẹ̀ tí òwú ti jẹ run ṣe. Ẹ kò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí ẹ̀rí pé Áfíríkà ni ẹ̀wà yìí ti wá. Ní Griffin, tí ẹ lè wakọ̀ dé láàárín wákàtí kan láti Morrow, ibùdó ìwádìí ìjọba wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọkà bàbà láti gbogbo ayé sínú yàrá tútù, àwọn tó ti Nàìjíríà wá sì wà nínú wọn. Ibẹ̀ kan náà ni ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Georgia ti wà láti ọdún 1889.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọjà. Ẹ ti dé ilé ìtajà, ẹ rí ìdì alfalfa. Kí lẹ máa wò?

Ewé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta purotéènì alfalfa ló wà nínú ewé, ewé yìí sì máa ń já bọ́ bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó gé e, tàbí tí wọ́n bá ń yí i ká lóko nígbà tó ti gbẹ jù. Ẹ ní kí wọ́n gba yín láyè láti ṣí ìdì kan. Bí ẹ bá rí ewé wẹ́wẹ́ tó ṣì so mọ́ igi, tí igi náà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé ká lọ́wọ́, ẹ rà á. Bí ó bá jẹ́ igi líle ló kún inú rẹ̀, tí ewé ti gbọ̀n dànù, bí ẹni fi owó ewédú ra igi ewédú ni. Ẹ wo òdòdó rẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ máa ń gé alfalfa nígbà tí bí ẹyọ kan nínú igi mẹ́wàá bá ti tanná. Bí ìdì bá kún fún òdòdó gbígbẹ àti èso, ó ti gbó jù kí wọ́n tó gé e.

Ẹ má fi àwọ̀ òde ìdì ṣe ìdájọ́. Oòrùn lè sọ òde rẹ̀ di ràkọ̀ràkọ̀ kí inú rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ó yẹ kó máa ta sánsán. Bí ó bá ń rùn bí ohun tó ti bu, tí eruku funfun ń fò jáde nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ohun yòówù kí owó rẹ̀ dín kù. Koríko tó bu a máa ba ẹ̀dọ̀fóró ẹran jẹ́, ó sì lè mú kí oyún wálẹ̀ lára èyí tó lóyún. Ẹ bi wọ́n ní ìwọ̀n ìdì náà. Ìdì kan lè wọn 40 pọ́n-ùn, òmíràn tó dúró tì í lè ju 60 lọ, iye owó kan náà ni wọ́n lè ta méjèèjì. Ẹni tó bá ń ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó béèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Yunifásítì Georgia ní yàrá àyẹ̀wò oúnjẹ ẹran ní Athens, ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, títí kan Clayton, ló ń bá èèyàn fi koríko àti erùpẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má tò ó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀, kí atẹ́gùn máa gba ìsàlẹ̀ kọjá, ẹ fi tapólì bo orí rẹ̀. Koríko tí wọ́n dì nígbà tí kò tíì gbẹ tán a máa gbóná láti inú wá, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín ìdì tí ẹ rí i pé ó móoru, ẹ tètè gbé e jìnnà sí ilé.

Ọ̀rọ̀ ewu kù. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn dáadáa, torí àwọn tó ń ta koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́.

Alfalfa tútù lè pa màlúù tàbí àgùntàn láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ebi bá ń pa wọ́n tí wọ́n já wọ inú rẹ̀, yóò hó nínú wọn, afẹ́fẹ́ á há sínú ìfófòó, ikùn òsì á wú, wọn ò ní lè mí. Gbígbẹ rẹ̀ kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fún wọn ní bermuda jẹ kí wọ́n tó wọ pápá alfalfa.

Àwọn akọ ńkọ́, pàápàá èyí tí a ti tẹ̀ lọ́dàá? Òkúta wẹ́wẹ́ a máa dí ọ̀nà ìtọ̀ wọn. Àgbàdo àpọ̀jù ló sábà máa ń fà á, ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tó ń sin àgbò Iléyá pé kẹ́ ẹ má fi àgbàdo nìkan mú un sanra. Ṣùgbọ́n alfalfa nìkan láti òwúrọ̀ dé alẹ́ náà lè fa òkúta mìíràn, torí kálísíọ̀mù rẹ̀ pọ̀ jù. Koríko lásán àti omi tó mọ́, tó pọ̀, ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ oúnjẹ àgbò. Bí ẹ bá rí akọ tó ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ ò jáde, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ pe dókítà ẹran.

Màlúù àti ewúrẹ́ oníwàrà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n bí ní ìṣòro tiwọn. Bí kálísíọ̀mù bá ń wọlé láti ẹnu lọ́pọ̀lọpọ̀, ara kì í kọ́ bí a ti ń fà á jáde láti inú eegun. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí, wàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálísíọ̀mù lójijì, ẹran á wó lulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù. Ẹ dín alfalfa irú wọn kù kí wọ́n tó bí, kẹ́ ẹ wá fi kún un lẹ́yìn tí wọ́n bá bí tán. Ẹni tó bá sì ń sin ẹṣin, kó béèrè ibi tí alfalfa ti wá, torí kòkòrò kan wà tó máa ń há sínú ìdì láti àwọn ìpínlẹ̀ kan, oró inú òkú rẹ̀ ń pa ẹṣin.

Ewu kan tún wà tí kì í ṣe ti alfalfa: ní Georgia, ohun tó ń pa ewúrẹ́ jù ni aràn, ebi kò tó o. Aràn kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú àpòlúkù ẹran. Òògùn púpọ̀ ni kò ràn án mọ́. Yunifásítì Fort Valley State, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní àárín Georgia, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí rẹ̀. Thomas Terrill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ fi hàn pé koríko kan tí wọ́n ń pè ní sericea lespedeza ń dín aràn yìí kù lára ewúrẹ́, nítorí tánínì inú rẹ̀. Ìdílé ẹ̀wà lòun náà. Éṣíà ló ti wá, North Carolina ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín ní 1896, àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ sì máa ń pè é ní alfalfa tálákà, torí ó ń hù lórí ilẹ̀ pupa tó kan láìsí ẹfun, láìsí wàhálà. Bí ẹ bá ní éékà méjì mẹ́ta ní Henry tàbí Butts, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, sericea ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dán alfalfa gbígbìn wò. Kẹ́ ẹ sì tún kọ́ bí wọ́n ti ń lo káàdì FAMACHA, tó ti South Africa wá: ẹ ó ṣí ìpéǹpéjú ẹran, ẹ ó fi àwọ̀ inú rẹ̀ wé èyí tó wà lórí káàdì, bí ó bá ti funfun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tán, òun nìkan lẹ máa fún lóògùn.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún oko ẹran ní Ògùn, ní Ọ̀yọ́, ní Ọ̀ṣun. Ẹ ti bi mí bóyá kẹ́ ẹ fi irúgbìn alfalfa ránṣẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, àti ilẹ̀ tó kan, kò ní jẹ́ kó pẹ́. Nígbà tí mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà, Audu Ogbeh, sọ ní 2016 pé ìjọba fẹ́ kó irúgbìn koríko wá láti Brazil, ọ̀pọ̀ èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí ni pé àwọn koríko tí Brazil fi ń sin màlúù náà, Áfíríkà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn. A ní tiwa nílé. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn láti àjọ ILCA, tí ọ́fíìsì wọn wà ní ibùdó ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, bá àwọn ará abúlé ní Owu-Ile àti Iwo-Ate ní ìhà Ọ̀yọ́ gbin ìlà igi sáàárín àgbàdo: leucaena àti gliricidia, èyí tí àwọn kan ń pè ní àgúnmánìyè. Wọ́n ń gé ewé rẹ̀, díẹ̀ fún ilẹ̀, díẹ̀ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Purotéènì inú ewé wọn tó ti alfalfa, ó tún lè jù ú lọ. Iṣẹ́ gígé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ kò jẹ́ kó tàn tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ilẹ̀ jẹ́ tiyín kò ní ìṣòro yẹn.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣọ́ oko. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rin ilẹ̀ dáadáa, kó gé ẹ̀ka gliricidia tó ti gbó, gígùn mítà kan sí méjì, kó rì í mọ́lẹ̀ yí ọgbà ká. Á hù, á sì di ọgbà fúnra rẹ̀. Kó jẹ́ kó pé ọdún kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Bí ewúrẹ́ bá kọ̀ ọ́ nítorí òórùn rẹ̀, kó gé e lálẹ́, kó jẹ́ kó rọ di àárọ̀ kó tó fún wọn. Leucaena kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ wọn lọ, torí májèlé díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà, kó sá a gbẹ kó tó fún wọn. Haráwà, ìyẹn igi àti ewé ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń tà, kó rà á nígbà ìkórè láàárín oṣù Kẹwàá sí Kejìlá tó pọ̀ lọ́jà, kó kó o sí ibi tí òjò kò ní dé. Bí ó bá dúró títí Iléyá fi kù ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ìlú ló máa jọ du ìdì kan náà, owó rẹ̀ á sì ti fò sókè.